Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Òwúrọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Ylva

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Àwọn tí a bí: Jonna ọmọ ọmọ mi ní Umeå bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì rè é, wọn kò tíì fún un lórúkọ. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wo ojú rẹ̀. Ọmọ Kerstin ìbátan mi bí ìbejì lóṣù Karùn-ún. Àwọn tó ṣègbéyàwó: Melker, ìbátan mi náà, fẹ́ oníṣègùn eyín kan lóṣù Kẹsàn-án, òjò sì lù wá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí fìlà mi fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹni tó lọ: àbúrò mi Majken, lóṣù Kẹrin. Mi ò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Shirin, olùkọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà, ló ní kí n ra ìwé tuntun fún ìgbà òtútù yìí. Ó ní kí n má fi òwe kún un bíi ti èṣí, kí n kọ ohun tí ojú mi rí. Ìwé náà jẹ́ króònà mọ́kàndínlógójì. Àpò kọfí kan ti di króònà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹni tó bá wá sílé mi báyìí, ife kan ni.

Ọjọ́ Ajé, 3

Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, ó ń dán bíi gíláàsì. Ylva, ẹ̀gbọ́n Jonna, yọ̀ ṣubú níwájú ilé ìkàwé, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wọ́n ti dì í ní ìdè funfun líle dé ìgúnpá. Ó ti kó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì àti àpò aṣọ kan ṣoṣo.

“Màmá àgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ta ni yóò máa fọ irun rẹ?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

Mo ti fọ̀ ọ́. Irun náà pọ̀ bíi ti ìyá rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òní ni mo tó bi í pé iṣẹ́ wo gan-an.

Bọ́tìnnì tí Bàbá Börje nísàlẹ̀ wa fi kọ́ ọrùn ni. Àwọn arúgbó bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló fi irú rẹ̀ kọ́ ọrùn ní agbègbè wa. Tí ẹnì kan bá ṣubú, á tẹ̀ ẹ́, á sì gbọ́ ohùn èèyàn tó ń dá a lóhùn. Ẹ̀rọ Ylva ló ń gbé ìpè náà láti ọrùn dé etí.

Ẹ̀rọ náà kò ní irin. Inú ẹ̀rọ onírin ló ń gbé, èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké wà. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á bí òṣìṣẹ́ kan fún ọ̀rọ̀ ẹni yẹn nìkan. Á ní yàrá tirẹ̀, á jẹ́ iṣẹ́ náà, á sì kú. Agbálẹ̀ á kọjá, á gbá yàrá náà mọ́. Bí ọ̀kan bá kú ikú ìjàǹbá, ẹnìkejì rẹ̀ kò ní mọ̀ rárá.

“Mélòó ni wọ́n?” ni mo bi í.

“Báyìí tí mo ń mu kọfí yìí?” Ó wo kọ̀ǹpútà. “Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Kì í ṣe ìpè nìkan ni wọ́n ń bí wọn fún.”

Mo gbé ife mi kalẹ̀. Àwa méjìlélógójì la wà ní ilé ìfọṣọ ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í sì gbọ́ ara wa torí ariwo.

“Wọn kì í pariwo?”

“Wọn kì í pariwo, Màmá àgbà.”

Mo jókòó síbẹ̀ títí kọfí fi tutù. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bọ́tà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó ti sọ ohun tó ń dà á láàmú fún mi. Ẹ̀rọ náà ní ìwọ̀n iyè, ìyẹn àyè tó fi ń rántí nǹkan, tó lè gbà: gígà mẹ́jọ. Tó bá jí, gígà mẹ́ta ló ń lò. Lójoojúmọ́ á fi ẹyọ kan àti díẹ̀ lé e, kò sì ní dá a padà. Ọjọ́ karùn-ún, iyè á kún, á sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ó tún ṣubú láàárọ̀ òní. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń dìde. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, kò sí bọ́tìnnì tó ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, agbègbè kejì yóò kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin arúgbó wá kún ti wa. Ylva ní nígbà náà, ọjọ́ méjì méjì ni yóò máa ṣubú, nínú yìnyín, ní ìgbà tí àwọn arúgbó ń ṣubú jù.

Ọmọ yìí kì í lè ronú láìfi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí bébà. Láti kékeré ni. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló wà nínú ìdè.

Mo ní, “Èmi á kọ ọ́.”

Ó wò mí. Ó mọ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo tó lè ka lẹ́tà báńkì. Kò sọ ọ́. Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi kọ ọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ní kí n kọ: àpapọ̀ iyè tí ẹ̀rọ ń lò, ti yàrá àwọn òṣìṣẹ́, àti ti àká. Ẹrù tó bá wúwo kì í wọ yàrá òṣìṣẹ́, inú àká gbogbogbòò ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n á fún òṣìṣẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì mú tíkẹ́ẹ̀tì náà dání, agbálẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù yẹn.

Àká ló ń wú. Ìyẹn ti hàn sí wọn tipẹ́. Ẹni tó ń mú un wú ni wọn kò mọ̀.

Nísàlẹ̀ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, orúkọ ogún òṣìṣẹ́ wà, àwọn tí kì í kú. Èyí tí yàrá rẹ̀ tóbi jù wà lókè, èyí tó kéré jù wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú iye tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ kálukú. Mo kọ gbogbo wọn.

“Màmá àgbà, mẹ́ta péré ni mo ní kẹ́ ẹ kọ!”

“Ìwọ lo mọ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n kọ̀wé mi.”

Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni àwọn èèyàn fi ń bá mi yan ohun tí màá kà. Majken ló ń ka lẹ́tà fún mi, ó sì máa ń fo ibi tó bá rò pé yóò dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ń kọ ìlà kẹtàlá lọ́wọ́ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ylva kò pariwo. Ó ní, “Ó ti lọ.”

Mo wọ bàtà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Börje.

“Kí ló dé, Ìyá Yàrá Ìfọṣọ?” ni wọ́n wí. “Ṣé mo tún gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni?”

“Rárá o. Mo kàn ní kí n wá wò yín.”

“Wò mí? Ìwọ tí o kò wò mí láti 1988, nígbà tí irun ṣì wà lórí mi?”

Mo jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, mo ń wo bọ́tìnnì pupa tó wà láyà wọn. Wọ́n rò pé èmi ni mo ń ṣàìsàn. Wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Ó ti le bí òkúta.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ọbẹ̀ ẹ̀wà àti páńkéèkì. Yìnyín bọ́ láti òwúrọ̀. Iyè ẹ̀rọ: 6.3.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ó tún ṣubú. Torkel ọ̀gá Ylva pè, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná.

“Ylva, jẹ́ ká yé dara wa láàmú. Ká máa pa á ká sì máa tàn án láràárọ̀. Iyè ò ní ráyè kún.”

“Tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa la ó máa yan ìṣẹ́jú mọ́kànlá tẹ́nì kankan ò ní dáhùn.”

“Ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú odidi ọjọ́ kan?”

“Lójoojúmọ́, Torkel. Màmá tìrẹ ńkọ́? Ìṣẹ́jú mọ́kànlá wo lo fẹ́ kí n yàn fún wọn?”

Ó ní òun á tún pè. Mo gbé búrẹ́dì dídùn tó tóbi jù síwájú ọmọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo kọ 2.5 dípò 5.2. Ylva fò sókè: “Ó ti ń dín kù!” Mo ní kó jókòó, ojú mi ló tún yí nọ́ńbà po. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mi ò fẹ́ kọ ti òní, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Ẹ̀rọ ṣubú ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Mo ń wá bàtà mi kí n tó sọ̀kalẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo nínú páìpù tó ń mú ilé móoru. Gàn, gàn, gàn. Ó dákẹ́. Gàn.

Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo bá Bàbá Börje. Wọ́n gun àga láti sá ṣòkòtò abẹ́ wọn sórí okùn tí wọ́n ta sókè, àga sì yẹ̀. Ṣíbí ni wọ́n fi ń lu páìpù.

“Mo tẹ̀ ẹ́,” ni wọ́n wí. “Ingegerd, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.”

Ìdí wọn kò kán, ọpẹ́ ni. Ó kàn bó ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Ní ogójì ọdún, mi ò rí wọn rí kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lo yàrá ìfọṣọ, níbi tí okùn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Àyè dà níbẹ̀? Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ẹsẹ̀ mi máa ń gbà mí láti sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹnì kan ti fi àgádágodo gbà á láti ìgbà ìrúwé.”

Mo gòkè, mo sọ fún Ylva pé Bàbá ṣubú. Kò jẹun lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 20

Nígbà tí mo ti ẹ̀kọ́ dé, Ylva kò sí lókè. Yàrá ìfọṣọ ni mo bá a, ó fi agbọ̀n aṣọ sílẹ̀, ó ń wo pátákó tí a fi ń gba ọjọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àgádágodo kékeré tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ihò ọjọ́ tó o bá tì í sí, ìwọ lo ni gbogbo yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ wọlé títí wàá fi yọ ọ́.

“Màmá àgbà, ta ló ni nọ́ńbà kẹrìnlá?”

“Ẹnì kan.”

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wà níbẹ̀. Òní náà ó wà níbẹ̀. Iná pípa, ẹ̀rọ mẹ́rin dúró lásán. Bàbá Börje sì ń gun àga.”

Ìwé tí mo kọ sára ògiri wà lókè orí rẹ̀: Ẹ YỌ ÀGÁDÁGODO YÍN TÍ Ẹ BÁ TI FỌṢỌ TÁN. INGEGERD. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ tí gbogbo ilé kà. Majken ló bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

“Ti Majken ni,” ni mo wí.

Ylva yíjú sí mi.

“Mi ò lè yọ ọ́,” ni mo wí. “Mo ti dé iwájú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.”

Kò bá mi wí. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan àgádágodo náà jẹ́jẹ́.

“Ó mà kéré o,” ló wí. “Kò wúwo ju ẹyọ owó kan lọ. Kò fọ aṣọ kankan. Kò pariwo. Ó sì di gbogbo yàrá mú láti oṣù Kẹrin.” Ojú rẹ̀ yí padà, bíi tìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá rí ẹja lábẹ́ yìnyín. “Màmá àgbà! Bébà yín dà? Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí mo ní kẹ́ ẹ má kọ!”

Ó sáré gorí àtẹ̀gùn, ó fi agbọ̀n aṣọ sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìlà ogún. Òun ni.

Òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí yàrá rẹ̀ kéré jù, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣàkọsílẹ̀ bọ́tìnnì tó bá sọ̀rọ̀. Èyí ni ohun tí mo kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ keje: 3,104. 6,211. 9,320. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ṣubú, ó di òfo, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ máa ń bá ẹ̀rọ ṣubú ni. Tèmi wà lórí tábìlì, pẹ̀lú àbàwọ́n kọfí.

“Àwọn tó ń pariwo là ń ṣọ́,” ni Ylva wí. “Àwọn tó tóbi. Oṣù mẹ́rin gbáko!”

Bó ṣe rí rè é. Láràárọ̀, gbogbo bọ́tìnnì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ láti fi hàn pé òun ṣì yè: nọ́ńbà ẹni tó ni ín wà níwájú, ohùn inú ilé rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ nínú ẹrù kan. Wọn kì í gbọ́ ohùn náà. Ẹ̀rọ kàn ń wò ó pé ohùn ń wọlé ni, ó sì yẹ kí agbálẹ̀ gbá a lọ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni òṣìṣẹ́ kékeré yìí fẹ́, lẹ́tà mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n kò dà á kọ. Ó kàn ń fi ìka tọ́ka sí i níbi tó wà nínú ẹrù. Torí lẹ́tà mẹ́fà, agbálẹ̀ kò lè fọwọ́ kan odidi ẹrù.

Mo ní kó dúró ná, kó jẹ́ kí n lóye rẹ̀.

“Ṣé ohun tó kún inú rẹ̀ ni òwúrọ̀ àwọn èèyàn?”

“Òun ni, Màmá àgbà.”

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta òwúrọ̀, lójoojúmọ́. Aago ara ògiri tó ń dún. Rédíò tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ìkòkò kọfí, ajá, ikọ́ àgbàlagbà, ẹni tó ń bá òdòdó ojú fèrèsé sọ̀rọ̀ torí kò sí ẹlòmíì. Bàbá Börje tí wọ́n ń kọrin nígbà tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, kò sì lọ, torí ẹnì kan kékeré di orúkọ wọn mú. Mo ti fọ aṣọ ibùsùn ọsibítù fún ogójì ọdún, mo rò pé mo mọ bí ẹrù àwọn èèyàn ṣe pọ̀ tó.

Mo béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè.

“Ohùn Majken ńkọ́? Òun náà fi bọ́tìnnì kọ́ ọrùn.”

Ylva fi ọwọ́ rẹ̀ bo tèmi. “Kò sí, Màmá àgbà. Ẹ̀rọ ti ṣubú níye ìgbà láti oṣù Kẹrin. Tó bá ti ṣubú báyìí, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ.”

“Ó dáa,” ni mo wí. Ó sì dáa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọwọ́ òsì ló fi ṣàtúnṣe rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fi kún un: kí òṣìṣẹ́ náà kọ nọ́ńbà sórí bébà tirẹ̀, kó sì jọ̀wọ́ ẹrù.

Lọ́sàn-án, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ. Kọ́kọ́rọ́ Majken wà lára tèmi. Ó yí wẹ́rẹ́, bí ẹni pé àná ni wọ́n tì í.

Ọjọ́ Ajé, 24

Wọ́n ti gbé àtúnṣe náà wọlé láàárọ̀. Ylva kò fẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. 3.1.

Ọjọ́rú, 26

3.1. Mo kọ gbogbo ogún ìlà. Kò ní kí n má kọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27

Bàbá Börje fọṣọ lọ́sàn-án òní. Mo bá wọn gbé agbọ̀n.

“Ta wá ni olè tó di yàrá mú?” ni wọ́n wí.

“Èmi ni.”

Wọ́n wo ibi tí nọ́ńbà kẹrìnlá wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ká ìbọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún tú u.

“Ìbọ̀sẹ̀ mi ni kó o bá mi sá,” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Ṣòkòtò abẹ́, mo ṣì ń ro ti ọ̀wọ̀ mi.”

3.1.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Ọjọ́ keje. Kò ṣubú. Ylva ní kí n má yọ̀ síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tuntun ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Mo jí kí aago tó dún. Aago méje, ilẹ̀ kò tíì mọ́, Ylva ti jókòó, bọ́tìnnì ẹgbẹ̀rún méje sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

Ó ti ya ìlà kan sójú kọ̀ǹpútà fún mi kí n lè wò ó láìka nọ́ńbà. Ìlà náà ni àká. Mo rí i tó ń gòkè bí òwúrọ̀ ṣe ń wọlé, tó gòkè, tó gòkè. Mo di etí tábìlì mú. Ylva kò mí. Nígbà náà ni agbálẹ̀ kọjá, ìlà náà sì rọra sọ̀kalẹ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún gòkè. Ó tún sọ̀kalẹ̀. Bí àyà ọmọ tó ń sùn.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wò ó. Ẹgbẹ̀rún méje ilé ń fi ohùn wọn hàn, wọ́n ń kọjá lọ, ẹ̀rọ náà ń mí. Mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò tíì rí ohun tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó sì kún tó bẹ́ẹ̀.

“Mélòó?” ni mo bi í, torí mo ní iṣẹ́ láti ṣe.

“3.4, Màmá àgbà. Ẹ kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Nọ́ńbà náà kò yí po.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

3.4. Torkel fi àkàrà òyìnbó ránṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ Ylva sí i lára. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé “Ylva” kúrò, ó kọ “Ingegerd” sórí bébà, ó fi lé e. Mo ti lẹ bébà náà sínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ọjọ́ Lúsíà, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ ìgbà òtútù. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọrin lórí àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú àbẹ́là. Bàbá Börje tẹ bọ́tìnnì wọn nítorí ẹwà rẹ̀, kí ẹni tó wà lódì kejì lè gbọ́. Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orin náà tán kó tó sọ ọ́.

Wọ́n tú ọwọ́ Ylva láná. Ó tinrín bí igi ìṣáná. Lọ́la ló ń padà sílé rẹ̀. Ó ti ra ìwé ìkọ̀wé fún ara rẹ̀, ìlà ogún lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Jonna pè lọ́sàn-án. Ó ní àwọn ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tó wáyé. Mo ní, “Ó mà yá o, mo rò pé ẹ ó dúró kó fúnra rẹ̀ yàn án ni.”

“Majken ni, Màmá àgbà.”

Mo wá àga jókòó.

“Màmá àgbà? Ṣé kò tẹ́ yín lọ́rùn ni?”

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ọmọ náà tó ń pariwo fún oúnjẹ. Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Mo fetí sí i títí ó fi rí ọmú.

Mo mú káàdì ìkíni tuntun fún ọmọ náà. Mo kọ Majken sí i, lẹ́tà mẹ́fà, mo sì kà á sókè. Inú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú káàdì ni mo fi owó ẹ̀bùn rẹ̀ sí, èyí tí màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé: ẹgbẹ̀rún kan ó lé irinwó króònà.